Ajá méjì, ilẹ̀ kan: orúkọ ajá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn ní agbègbè Tchaourou

1. Ìpàdé abẹ́ igi máńgòrò

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìdílé wa pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò ní abúlé wa, ní gúúsù ìlú Tchaourou, láti jíròrò lórí ilẹ̀ kan. Ilẹ̀ náà kò jìnnà sí ojú irin tó lọ láti Kútọnu dé Parakou. Igi kajú ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Iṣu ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè Bénin ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní ọdún 2017, fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà ìbílẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lé e lórí. Ìwé yẹn la fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó jáde, ẹnu gbọ́dọ̀ kò lórí ẹni tó ni ilẹ̀.

Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ti kú. Ọ̀kan ni bàbá tó bí bàbá mi, tí èmi yóò máa pè ní Bàbá Àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Òkè nítorí pé apá òkè agbo ilé ni yàrá wọn wà. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé, wọn kò sì fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀. Ẹnìkan ní ìpàdé wá sọ pé kò sí ìjà kankan lórí ilẹ̀ yẹn nígbà ayé àwọn àgbà, pé ìgbà tí kajú di owó ni ojúkòkòrò àwọn ọmọ dá a sílẹ̀. Bàbá mi dáhùn pé, “Ẹ dákun, ta ló rántí orúkọ ajá?”

Àwa ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ìdí tí wọn kò fi rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Èrò mi ni pé ní agbègbè wa, ajá kì í ṣe alábàárìn ènìyàn lóko àti nílé nìkan. Ó tún jẹ́ alábàápín rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀. Orúkọ tí a fún un a máa di ọ̀rọ̀ tí olówó rẹ̀ kò lè sọ ní tààrà. Nítorí pé a ń pe ajá náà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ náà lè pẹ́ ju ẹni tó sọ ọ́ lọ. Ó yẹ kí òpìtàn kà á mọ́ ẹ̀rí.

2. Ẹṣin wà nínú ìwé ìtàn, ajá kò sí níbẹ̀

Ẹ̀ka ìjọba Borgou ni Tchaourou wà, ní ààlà ibi tí àwa tí a ń sọ Yorùbá, tí a bá àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ tan, ti pàdé àwọn Bàrìbá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Bààtọ̀nù, àti àwọn Fúlàní. Ẹni tó bá ka ìtàn Borgou yóò rí ẹṣin káàkiri. Ẹṣin ni àwọn ìjòyè Wasangari fi jagun, ẹṣin ni wọ́n sì ń gùn dòní níbi ọdún Gaani ní Nikki. Robin Law kọ odindi ìwé lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1980. Ní ti Ṣábẹ̀ẹ́, ìwé A. I. Asiwaju ti ọdún 1976 àti ti Biodun Adediran ti ọdún 1994 kọ́ wa ní púpọ̀ nípa ọba, ogun, ìjọba àwọn òyìnbó àti ààlà. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 1898, èyí tó pín Borgou sí méjì, jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Mi ò bá àwọn òpìtàn wọ̀nyí jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹranko olówó ni ẹṣin, ohun tí olówó bá sì ní kì í pẹ́ wọ ìwé. Ajá ni ẹranko ọdẹ àti àgbẹ̀. Òun ló ń lé ọ̀yà jáde nínú koríko, òun ló ń ṣọ́ oko kí ọ̀bọ má baà jẹ àgbàdo tán, òun ló sì ń gbó lóru bí ẹsẹ̀ àjèjì bá dún. Ìbáṣepọ̀ yìí jinlẹ̀ débi tí Yorùbá fi mú un ṣe òwe ìkìlọ̀: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà gbà pé ajá tí kò sọnù ń gbọ́ fèrè, àti pé ọdẹ kì í kúrò nínú igbó láìfọn ọ́n.

Ohun méjì wà tí àlejò lè rò pé ó ta ko ìbáṣepọ̀ yìí. Èkíní ni Ògún. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdẹ gan-an ni ọmọ Ògún. Ṣùgbọ́n ẹni ń bọ òrìṣà kì í fi ohun tí kò já mọ́ nǹkan bọ ọ́. Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn ọdẹ ilé wa ṣì ń bọ Ògún, ajá ọjà ni wọ́n ń rà fún un. Wọn kì í fọwọ́ kan ajá tó ti gba orúkọ nínú ilé. Orúkọ ló pààlà láàárín méjèèjì.

Èkejì ni ẹ̀sìn Ìmàle. Mùsùlùmí ni Bàbá Àgbà àti Bàbá Òkè, ọdẹ sì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Mùsùlùmí kò lè sin ajá rárá. Kùránì, nínú súrà 5 ẹsẹ 4, gbà kí a jẹ ẹran tí ẹranko ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú wá fún wa. Nínú súrà 18, ajá wà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó sùn nínú ihò. Ní ti ìlànà Màlíkì, tó gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí a fọ abọ́ tó bá lá lẹ́ẹ̀méje. Ní ilé wa, ajá kì í wọ yàrá, kì í sì í dé ibi ìrun. Àgbàlá ni tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé àgbàlá ni gbogbo ilé ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

3. Orúkọ ajá àti ìlò rẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni mo lọ láti kékeré. Nínú ìwé kíkà wa, Médor ni ajá ń jẹ́. Médor kò bá ẹnikẹ́ni wí, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí mo bá dé abúlé ní àkókò ìsinmi, Tanímọ̀la ni ajá tí mò ń bá ṣeré, Ṣetìrẹ ni ti ilé kejì, Ẹmáawòó sì ni ti obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kejì. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ni mò ń pè.

Ní ti gírámà, gbólóhùn odindi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ orúkọ ènìyàn ti rí. “Ta ni ó mọ ọ̀la” ni ìpajẹ fáwẹ̀lì sọ di Tanímọ̀la. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí orúkọ ènìyàn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Orúkọ ọmọ a máa sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, nípa ìdílé rẹ̀ tàbí ọ̀nà tó gbà wá sáyé. Orúkọ ajá kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ajá. Aládùúgbò, orogún, àna tàbí ọmọ ìyá ẹni ló ń bá sọ̀rọ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ajá ni a fi àbọ̀ náà rán.

Àwa nìkan kọ́ la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1993, Wendy Schottman tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Language in Society lórí orúkọ òwe tí àwọn Bààtọ̀nù ń sọ ajá wọn ní àríwá Bénin. Nínú àkọlé rẹ̀ gan-an ló ti pe àṣà náà ní ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà dípò kó dákẹ́. Ní ọdún 2004, Liveson Tatira kọ̀wé lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Shona ní Zimbabwe. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹranko yìí yàtọ̀ láti èdè dé èdè: ajá lẹ́nu tiwa, avun lẹ́nu àwọn Fọn, kare lẹ́nu Hausa, imbwa lẹ́nu Shona. Àṣà fífi orúkọ rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ẹni jọ ara wọn síbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè yóò rántí ohun tí Brown àti Levinson sọ nínú iṣẹ́ wọn lórí ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ (1978, 1987): ọ̀nà kan wà tí a lè gbà sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bi wá, a lè ní ohun mìíràn la ní lọ́kàn. Orúkọ ajá bá èyí mu wẹ́kú. Ẹni tó bá ní “Èmi lò ń bá wí?” ti fi ara rẹ̀ hàn. Olówó ajá yóò kàn ní ajá òun lòun ń pè.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Bí a bá wo ajá bí ohun èlò lásán, a ó gbàgbé pé ohun èlò yìí ń jẹun, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń dá olówó rẹ̀ mọ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹni tó sọ ajá lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ kí ebi pa á, gbogbo àgbàlá yóò rí i pé ọ̀rọ̀ tó ń pariwo kiri, òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ ajá, ajá náà ń gbé ọ̀rọ̀.

4. Ilẹ̀mọ̀ àti Bàbálófúnmi

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, láti ẹ̀ka méjèèjì. Bàbá Àgbà ní ajá ọdẹ kan tí wọ́n sọ ní Ilẹ̀mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti oko dé, wọn a dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn a pè é sókè: “Ilẹ̀mọ̀ o!” Bàbá Òkè ń gbọ́. Kò pẹ́ tí Bàbá Òkè náà fi mú ọmọ ajá kan wálé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Bàbálófúnmi. Láti ọjọ́ náà, orúkọ méjì ló ń dún nínú àgbàlá kan náà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ìyá méjì kò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fún ara wọn lójúkojú mọ́. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń lọ sí ìrun pa pọ̀, wọ́n ń pe ajá.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ méjèèjì dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ti Bàbá Àgbà, lẹ́tà Faransé ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé mi: Ilemon, láìsí àmì kankan. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a lè rí kọ́. Àmì ohùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ bá tẹ̀ lé e: a ní “ilẹ̀ mọ olówó rẹ̀”. Nínú Ilẹ̀mọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí “mọ̀” síbẹ̀, èyí tó fi hàn pé kò sí àbọ̀. Ilẹ̀ mọ̀, kí ló mọ̀? Ẹni tó ni ín ni, àbí ìbúra tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀? Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí ni yóò fi àbọ̀ sí i fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni Bàbálófúnmi: “Bàbá ni ó fún mi.” Irú gbólóhùn yìí kì í wáyé lásán, ó sábà máa ń dáhùn ìbéèrè kan, “Ta ló fún ọ?” Nítorí náà, gírámà orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó gbọ́ ìbéèrè náà. Àyè ṣófo wà nínú òun náà: kí ni bàbá fún un? Ẹni tó bá bi Bàbá Òkè léèrè, wọ́n lè ní ajá ni, pé bàbá kan lábúlé kejì ló ta àwọn lọ́rẹ. Àmọ́ gbogbo ilé mọ̀ pé ilẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí mo ṣàkíyèsí. Kò sí èyí tó pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí nínú àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn kì í kúrò lórí Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rò pé Mùsùlùmí kò ní fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run pe ajá nínú àgbàlá. Nítorí náà ọ̀kan mú ilẹ̀, èkejì mú bàbá.

Àwọn ajá fúnra wọn kò mọ̀ pé ìjà wà. Wọ́n jọ ń sùn sábẹ́ àká kan náà, wọ́n sì jọ ń lé ọ̀yà. Àwọn ọmọ ẹ̀ka méjèèjì ń tẹ̀ lé wọn lọ sí igbó, bàbá mi wà lára wọn.

Ní ọjọ́ kan, paramọ́lẹ̀ bu Ilẹ̀mọ̀ jẹ ní etí oko. Bàbá Òkè ló bá a lọ́nà. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì dúró ní ẹnu ọ̀nà àbúrò wọn. Títí di ọjọ́ náà, “ajá yín” ni Bàbá Òkè máa ń wí. Wọn kò jẹ́ kí orúkọ náà jáde lẹ́nu wọn rí. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní, “Ilẹ̀mọ̀ ti kú o.” Bàbá mi ní Bàbá Àgbà kò lè dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Àwọn méjèèjì jọ gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n jọ sin ín.

Wọn kò yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò sọ ajá mìíràn ní orúkọ tó jọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá Òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí pe Bàbálófúnmi pẹ̀lú ìfé nìkan.

5. Ohun tí orúkọ lè jẹ́rìí sí

Kí ni èyí wúlò fún ní ìpàdé abẹ́ igi máńgòrò? Àkọ́kọ́, ó fi ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ hàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà láti Dahomey sí Bénin. Àwọn àgbà rántí ọdún náà, nítorí pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ́ orúkọ tuntun náà. Ẹ̀ka méjèèjì gbà pé ajá méjèèjì ti wà nílé nígbà náà. Kajú kò tíì sí lórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn, iṣu ló wà níbẹ̀. Ìjà náà kò ti ọwọ́ owó kajú wá, àwọn ọmọ kọ́ ló sì dá a sílẹ̀.

Èkejì, orúkọ náà pa ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ mọ́ láìyí i padà. Ẹni tó ń ròyìn ìjà bàbá rẹ̀ lè fi kún un tàbí kó yọ kúrò. Kò rọrùn láti yí orúkọ ajá padà, nítorí pé gbogbo ilé ló gbọ́ ọ, ọ̀tá pẹ̀lú.

Ohun tí kò lè ṣe ni pé kò lè sọ ẹni tó jàre. Ilẹ̀mọ̀ kò sọ ohun tí ilẹ̀ mọ̀. Bàbálófúnmi sì lè jẹ́ òótọ́ láìjẹ́ pé bàbá fún un ní gbogbo rẹ̀. Òpìtàn tó bá fi orúkọ ajá dájọ́ ti kọjá àyè rẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà tó kan èmi gan-an. Agbára orúkọ wọ̀nyí wà nínú pé a kò ṣàlàyé wọn. Ẹni tó bá kọ ìtumọ̀ wọn sílẹ̀ ti gba àsálà lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka méjèèjì kí n tó kọ èyí. Wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé kí n má dárúkọ ènìyàn, kí n má sì dárúkọ abúlé. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀ka Bàbá Òkè fi kún un pé, “Orúkọ ajá ni kí o kọ. Àwọn ni kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.”

6. Ìparí

Ní abúlé wa lónìí, Rex ni ajá kan ń jẹ́, Bobby ni òmíràn ń jẹ́, àwọn orúkọ tí àwọn ọmọ gbọ́ nínú fíìmù. Mi ò sọ pé wọn kò fẹ́ràn ajá wọn. Wọ́n fẹ́ràn wọn. Wọ́n ti ní fóònù láti fi sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ohun tó ń bọ́ lọ ni irú ẹ̀rí kan tí àwọn tí kò mọ̀wé fi sílẹ̀ fún wa, ẹ̀rí àwọn obìnrin àti àwọn àbúrò tí kò lè bá àgbà jiyàn ní ìpàdé. Àwọn tó gbọ́ àwọn orúkọ àtijọ́ ṣì wà láàyè. Mo rọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí pé bí a bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nílé, kí a béèrè orúkọ ajá, ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ ọ, àti ẹni tí kò jẹ́ pè é. Kí a sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn.

Ní ti ilẹ̀, ìpàdé náà parí nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé kí orúkọ ẹ̀ka méjèèjì wà lórí ìwé tí a fẹ́ gbà. Ìwé náà kò tíì jáde. Nígbà tí a dìde, ẹ̀gbọ́n kan láti ẹ̀ka Bàbá Òkè bi bàbá mi bóyá ó ṣì rántí ibi tí wọ́n sin Ilẹ̀mọ̀ sí. Bàbá mi ní òun rántí. Wọ́n jọ lọ wò ó.